St. Finbarr's College, Àkọkà

St. Finbarr's College jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ Àgùdà fún àwọn ọmọkùnrin, ní Àkọkà, lágbègbè Yábàá nílùú Èkó. Fádà Denis Joseph Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì SMA (Society of African Missions), ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1956. Àkọmọ̀nà rẹ̀ ni Fidelitas, èyí tó túmọ̀ sí ìṣòótọ́ lédè Látìn. Ohun mẹ́ta làwọn ará Èkó fi ń dá a mọ̀: ìwé kíkà, ìbáwí àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹ̀kẹta ló gbé orúkọ rẹ̀ kọjá odi Èkó.

Ìpìlẹ̀

Ẹ̀sìn Àgùdà ti wà l'Ékòó kí àlùfáà kankan tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n sì padà wálé, ló gbé e wá; ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń ṣáájú wọn nínú àdúrà. Ọdún 1856 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀ ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé. Ọdún 1863 ni Fádà Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ náà ti ilẹ̀ Dàhómè bẹ ìlú Èkó wò. Nígbà tó yá, àwọn àlùfáà láti Ireland ló wá pọ̀ jù nínú àwọn SMA tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìlú Cork sì ni ibùdó wọn nílé.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ girama, ìjọ Áńgílíkà ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ síwájú: CMS Grammar School ti wà l'Ékòó láti 1859. St. Gregory's College ní Ọbálendé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, ni ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin tí ìjọ Àgùdà fi ń yangàn l'Ékòó kí ti Àkọkà tó dé. Ní ẹ̀wádún 1950 ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé e nílẹ̀ Yorùbá: Aquinas College l'Ákùúrẹ́ ní 1951, Loyola College n'Íbàdàn ní 1954, lẹ́yìn náà St. Finbarr's.  Ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Èkó tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní 1957. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju àyè tó wà ní girama lọ. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Leo Taylor ló wà lórí àga l'Ékòó nígbà náà.

Ẹ̀yìn ìlú ni Àkọkà wà láyé ìgbà yẹn. Yunifásítì Èkó, tí gbogbo èèyàn fi ń júwe àdúgbò náà lónìí, kò tíì sí. Ọdún 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin yìí ṣáájú yunifásítì dé àdúgbò.

Olùdásílẹ̀

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Slattery ní Fermoy, ní ìpínlẹ̀ Cork. Ẹni mímọ́ Finbarr ni alábòójútó ìlú Cork, ibẹ̀ sì ni orúkọ ilé ìwé náà ti wá. Slattery dé Nàìjíríà ní 1941, ó ṣiṣẹ́ ní Ìláwẹ̀-Èkìtì, ó kọ́ àwọn ọmọ ní St. Gregory's, ó sì jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald l'Ékòó. Ìwé ìròyìn yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ti àwọn tó ń jà fún òmìnira ṣeré, èyí sì mú kí orúkọ rẹ̀ tàn dé ibi tí ìwàásù ọjọ́ Àìkú kì í dé. Ó tún jẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù. Àlùfáà, olùkọ́, oníròyìn àti rẹfirí lẹ́ẹ̀kan náà: ó jọ pé kò sí èyí tí kò fara hàn nínú ilé ìwé tó dá sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé náà títí di àárín ẹ̀wádún 1970.

Ẹ̀kọ́ àti ìbáwí

Láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n pa ẹ̀kọ́ girama pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí kò wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ń wo girama bí ọ̀nà iṣẹ́ akọ̀wé nìkan.

Ní ti ìbáwí, nǹkan mẹ́rin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde máa ń kà sílẹ̀ bí èèwọ̀ ilé ìwé náà: olè jíjà, jíjí ìwé wò nínú ìdánwò, jíjáde kúrò nínú ọgbà láìgbàṣẹ, àti sìgá tàbí igbó mímu. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ọ̀kankan nínú wọn, ilé ló ń lọ, kò sì sí pé ọmọ ta ni.

Bọ́ọ̀lù

Kí a tó lè mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ ní St. Finbarr's, ó yẹ kí a mọ ohun tó jẹ́ láàárín àwọn ilé ìwé Èkó. Ife ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Zard Cup tẹ́lẹ̀, tó wá di Principals' Cup. Lórí rẹ̀ ni St. Gregory's, Igbóbì College, CMS Grammar School, Baptist Academy, Methodist Boys' High School àtàwọn mìíràn ti ń wọ̀yá ìjà. Lọ́jọ́ ìdíje àṣekágbá, pápá ìṣeré Oníkàn a kún fọ́fọ́, àgbà tí kò lọ́mọ nílé ìwé kankan níbẹ̀ a sì mú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àárín àwọn ilé ìwé àgbà wọ̀nyí ni ọmọdé tuntun láti Àkọkà wọ̀, kò sì pẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. Slattery mọ̀dí eré náà dáadáa, nítorí ó ti kọ́ni ní St. Gregory's kó tó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀, St. Gregory's yìí kan náà ló wá di alátakò ńlá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ fò ni pé bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe eré ìdárayá lásán. Ó wà lára ètò tí ọ̀gá ilé ìwé fi ń tọ́ ọmọ. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò lè tìtorí rẹ̀ sá fún ìdánwò. A kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìlànà náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ara orúkọ ilé ìwé.

Ní ẹ̀wádún 1970, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà káàkiri lónìí kò sí. Pápá ilé ìwé ni àwọn ẹgbẹ́ àgbà ti ń wá ọmọ. Ẹni tó bá yọrí nínú Principals' Cup lè bọ́ sínú Academicals, ìyẹn ẹgbẹ́ àṣàyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí báńkì tàbí iléeṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó mú un. Ọ̀nà yìí ni a lè fi ṣàlàyé Stephen Keshi àti Henry Nwosu, àwọn méjì tí orúkọ wọn so mọ́ St. Finbarr's jù lọ.

Ọ̀dọ́langba ni Nwosu, tí wọ́n bí ní 1963, nígbà tó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Òun ló kéré jù nínú wọn. Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbá àṣekágbá náà, Nàìjíríà sì fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria. Òun àti Keshi tún jọ wà ní New Nigeria Bank ti ìlú Benin. Nwosu kú ní 2024.

Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni Keshi. Wọ́n bí i ní 1962 ní Azare, Èkó ló sì ti kàwé. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Côte d'Ivoire, ó sì kọjá sí Belgium, níbi tó ti wà pẹ̀lú Lokeren àti Anderlecht. Òun ni balógun ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó mú Togo yege fún ìdíje àgbáyé ti 2006, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, ó tún gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní South Africa. Mahmoud El-Gohary ti Egypt nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, láti gbà á lórí pápá kí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Keshi kú ní ìlú Benin ní oṣù kẹfà ọdún 2016.

Èló nínú àṣeyọrí yìí ni ti ilé ìwé? Ó yẹ kí a rọra sọ ọ́. Òpópónà Èkó pẹ̀lú kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní bọ́ọ̀lù. Ohun tó dájú ni pé ilé ìwé náà fún wọn ní pápá, ìdíje àti àwọn òǹwòran, tí àwọn tó ń wá ẹ̀bùn kiri fi rí wọn.

Lábẹ́ ìjọba, àti ìdápadà

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, St. Finbarr's náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ìgbà Lateef Jakande, láti 1979 sí 1983, owó ilé ìwé kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ sì pọ̀ nínú kíláàsì. Ní 2001, ìjọba Bọ́lá Tinubu dá ọ̀pọ̀ ilé ìwé padà fún àwọn tó dá wọn sílẹ̀, St. Finbarr's àti St. Gregory's sì wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn òbí ló ń sanwó. Slattery kú ní Ireland ní 2003. Àgbègbè ìjọ Àgùdà ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó ló ń bójú tó ilé ìwé náà.