Ìpilẹ̀ṣẹ̀ kámẹ́rà tó ń ya àwòrán mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan

Ní ọdún 1991, Takeharu Goji Etoh ti Yunifásítì Kinki ní ìlú Osaka, lórílẹ̀-èdè Japan, gbé kámẹ́rà fídíò kan jáde tó ń ya àwòrán 4,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Onímọ̀ nípa bí omi ṣe ń ṣàn lọkùnrin náà, ìṣàn náà ló sì fẹ́ fojú rí. Píksẹ́lì (àwọn ojú kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 256 lóòró, 256 níbùú, ló wà lójú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: iye píksẹ́lì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 295 ló ní láti gba inú wáyà jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí. Bí a bá fẹ́ ya àwòrán mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye náà á di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Tí a bá ń fi wáyà kún wáyà, ṣíìpù tí sẹ́ńsọ̀ wà lórí rẹ̀ á gbóná, àwòrán á sì kún fún àbàwọ́n. Ohun tó kù ni pé kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, kó kó ohun tó bá rí síbẹ̀, kí a wá máa kó wọn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ohun tí à ń wò bá ti parí. Ní Amẹ́ríkà, Walter Kosonocky àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1996, àmọ́ àwòrán 30 péré ló ń gbà. Bí a bá ń wo àwòrán mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló ti tán. Etoh ní àfi kó lé ní 100.

Sẹ́ńsọ̀ ti Etoh, tí wọ́n fi han àwọn onímọ̀ ní San Francisco ní 2002, ní píksẹ́lì 312 lọ́nà 260, ó ń ya àwòrán mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń pa àwòrán 103 mọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wú wa lórí gan-an. Ìlà ìpamọ́ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gùn. Tó bá lọ tààrà sísàlẹ̀, á kọlu píksẹ́lì tó tẹ̀ lé e. Wọ́n wá jẹ́ kí àtòpọ̀ píksẹ́lì dagun díẹ̀ sí ìlà ìpamọ́, kí ìlà náà lè gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Bí àwòrán tuntun bá wọlé, gbogbo ti àtijọ́ á sún síwájú ní ìgbésẹ̀ kan, èyí tó wà lópin á sì ṣàn dànù. Nítorí náà, 103 tó kẹ́yìn ló máa ń wà lọ́wọ́ nígbàkigbà. Ó wúlò púpọ̀, torí kò sẹ́ni tó lè mọ ìgbà tí gíláàsì máa là. Ẹ jẹ́ kó là tán ná, kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ ìdúró bá pẹ́ ju ìdá-mílíọ̀nù 103 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, àwòrán tí à ń wá ti ṣàn lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí a kì í fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń gbọ́ ìró tàbí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ ló ń dá a dúró.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá jò wọ ibi ìpamọ́ máa ń ba àwòrán jẹ́, wọ́n sì fi irin bò ó. Irin yìí àti ìlà ìpamọ́ gba ààyè, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wá kéré, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láàárín àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n yí ṣíìpù padà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn wọlé; ní 2011, ó dé àwòrán mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ní Yunifásítì Tohoku, Shigetoshi Sugawa gba ọ̀nà CMOS, irú ṣíìpù tó wà nínú kámẹ́rà fóònù, ó kó ibi ìpamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ṣíìpù kan náà. Ilé-iṣẹ́ Shimadzu fi ṣe kámẹ́rà HPV-X ní 2012: ó lè ya tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá sì ń lo gbogbo píksẹ́lì rẹ̀, àwòrán 128 ló ń pa mọ́. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ibi ìpamọ́ kan kò rí bí èkejì. Kí ẹ tó yàwòrán, ẹ dé ojú kámẹ́rà, ẹ ya òkùnkùn, kí ẹ sì yọ àwòrán òkùnkùn kìíní kúrò nínú ìkíní, ìkejì kúrò nínú ìkejì, títí dé 128.