John B. Goodenough: iṣẹ́ ẹ̀ lórí èròjà bátìrì àti fuel cell

John Bannister Goodenough (25 Oṣù Keje 1922 – 25 Oṣù Kẹfà 2023) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì lítíọ́mù àti fuel cell, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ epo tàbí gáàsì di iná. Ìlú Jena ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà làwọn òbí ẹ̀. Lọ́dún 2019 òun, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì, ẹni ọdún 97 ni nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó gba Nobel rí.

Máàsì ló kà ní Yale, ó ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ fún ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wá gboyè dókítà nínú físíìsì ní Yunifásítì Chicago lọ́dún 1952. Ibi tó lọ lẹ́yìn ìyẹn ni Lincoln Laboratory ti MIT, níbi tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, òrùka mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ́ksáìdì ni òrùka yẹn, ìyẹn irin tó ti so mọ́ ọ́síjìn, tá a bá sì wo iṣẹ́ bàbá yìí dáadáa ọ̀rọ̀ ọ́ksáìdì yìí náà ló gbé wọnú bátìrì, òun náà ló gbé wọnú fuel cell.

Lọ́dún 1976 ó kó lọ sí Oxford, wọ́n fi í ṣe olórí láàbù kẹ́mísìrì kan níbẹ̀. Whittingham ti ṣe bátìrì lítíọ́mù ní iléeṣẹ́ epo Exxon nígbà yẹn, titanium àti imí ọjọ́ ló fi ṣe apá pósítíìfù ẹ̀, kò sì ju fólìtì méjì àti díẹ̀ lọ. Goodenough ronú pé tí ọ́síjìn bá rọ́pò imí ọjọ́, fólítéèjì á ga sí i. Òun, Koichi Mizushima àtàwọn míì dán an wò, nígbà tó di 1980 wọ́n gbé lítíọ́mù kóbáltì ọ́ksáìdì jáde, tó ń fún wọn ní bíi fólìtì 4. Kóbáltì àti ọ́síjìn tò ní ìpele-ìpele, lítíọ́mù wà láàrin wọn, tẹ́ ẹ bá ń ṣáàjì fóònù yín, lítíọ́mù yẹn á jáde lọ sápá kejì, tẹ́ ẹ bá ń lò ó á tún padà wọlé. Oxford ò fẹ́ náwó lórí pátẹ́ńtì ẹ̀, láàbù ìjọba tó wà ní Harwell ló gbà á, kọ́bọ̀ kan ò wọ àpò Goodenough níbẹ̀. Yoshino ló wá fi kábọ́ọ̀nù ṣe apá kejì ní Japan lọ́dún 1985, Sony sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1991.

Kóbáltì wọ́n, tó bá sì gbóná jù ó lè tú ọ́síjìn sílẹ̀, iná dé nìyẹn. Lẹ́yìn tó lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin lọ́dún 1986, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ gbé lítíọ́mù irin fọ́síféètì jáde ní 1997. Fólítéèjì ẹ̀ kéré sí ti kóbáltì, bíi 3.4, ṣùgbọ́n irin ò wọ́n, fọ́sífọ́ráàsì sì di ọ́síjìn mú pinpin. Irú èyí ló pọ̀ jù nínú àwọn bátìrì lítíọ́mù tá à ń so mọ́ ínfátà àti sólà nílé báyìí.

Apá fuel cell ni wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Fuel cell kì í tọ́jú iná pa mọ́ o, epo tàbí gáàsì tẹ́ ẹ bá ń rọ sí i ló ń sọ di iná láìjó o bíi ti jẹnẹrétọ̀. Irú èyí tó ń lo ọ́ksáìdì líle, ọ́síjìn ló gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, zirconia (ọ́ksáìdì zirconium) tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sì máa ń fẹ́ ooru bíi 1000°C kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́dún 1994 Tatsumi Ishihara ní Japan, àti Goodenough pẹ̀lú Man Feng ní Texas, sọ nípa ọ́ksáìdì lanthanum àti gallium kan tí wọ́n ń pè ní LSGM, tó ń jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá ní bíi 600 sí 800°C. Ní 2006 ó tún wà lára àwọn tó fi strontium, magnesium àti molybdenum ṣe apá tí gáàsì ń gbà wọlé, torí nickel tí wọ́n ń lò níbẹ̀ máa ń kó èédú sára tí wọ́n bá lo gáàsì methane.

Ní 2017, ó ti lé ní ẹni 90 ọdún, òun àti Maria Helena Braga kéde bátìrì kan tó ń lo gíláàsì dípò omi kẹ́míkà tó máa ń wà láàrin apá méjèèjì bátìrì. Àwọn onímọ̀ kan ta kò ó, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé lítíọ́mù kan náà ló wà lápá méjèèjì, níbo lagbára iná ẹ̀ ti ń wá?