Ọ̀rá Inú Oúnjẹ àti Ọpọlọ Tó Fara Pa: Ta Ni Yóò Ní Kí Ọlọ́wẹ̀ Máa Lọ Ilé?

Bí ẹnìkan bá já lulẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Adó-Èkìtì tó sì fi orí ṣèṣe, kì í pẹ́ tí ẹni tó wá kí i fi máa ń sọ pé kí wọ́n yọ epo kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, pé ọ̀rá kò dára fún ọpọlọ. Ìfẹ́ ló bí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà rárá. Bí a bá fa omi inú ọpọlọ tán, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ohun tó ṣẹ́ kù ni ọ̀rá. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tó wé mọ́ okùn iṣan rẹ̀ bí rọ́bà ṣe wé mọ́ wáyà iná. Ta ni yóò fẹ́ tún ògiri alámọ̀ mọ, tí yóò tún ní kí ẹnikẹ́ni má ru amọ̀ wọlé?

Irú ọ̀rá tí aláìsàn náà ń jẹ ló yẹ kí wọ́n béèrè.

Orí gbá ilẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìbàjẹ́ àkọ́kọ́. Kò sí oúnjẹ tàbí oògùn tó lè dá ìyẹn padà. Ìbàjẹ́ kejì ló máa ń rọra wá, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibẹ̀ ni ọ̀rá ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, ara máa ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ọ̀rá kan láti inú ẹbí ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ómégà-6 yóò já kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ara yóò sọ ọ́ di ìpè, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní microglia yóò sì dé. Wọ́n á palẹ̀ òkú sẹ́ẹ̀lì mọ́, ibẹ̀ á gbóná, á wú. Ìpè yìí dára, ara kò lè ṣe aláìní in.

Ará Èkìtì mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe ń lọ. Olóko á bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n á dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, wọ́n á sì ro oko títí oòrùn fi máa kan àtàrí. Nígbà tí iyán bá ti délẹ̀, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán, wọ́n á fi àdá sílẹ̀, wọ́n á wẹwọ́. Wàyí o, ká ní iyán kò dé, tí olóko náà kò sì wá dúpẹ́. Àwọn alágbára yìí kò ní dúró. Nígbà tí igbó bá tán, àdá á kan ewé iṣu, á kan ọ̀pá tí iṣu ń fà mọ́, títí á fi dé orí ebè fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ tí wíwú rẹ̀ kò lọ nìyẹn: àwọn tó wá palẹ̀ mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ge sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi rò pé wíwú kàn máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí iná tí igi rẹ̀ tán. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Charles Serhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ti ń fi hàn pé iṣẹ́ ni píparí ọ̀wẹ̀ pàápàá. Ara máa ń ṣe àwọn èròjà tó ń ránṣẹ́ pé ó tó, ẹ máa lọ ilé. Resolvin ni wọ́n pe àwọn kan nínú wọn, protectin ni wọ́n pe àwọn mìíràn. Ọ̀rá méjì láti inú ẹbí mìíràn, ómégà-3, tí wọ́n ń jẹ́ EPA àti DHA, ni ara fi ń ṣe wọ́n. Inú awọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gan-an ni DHA yìí sì pọ̀ sí. Ògiri tó wó ló gbé ìpè dání, òun náà ló gbé iyán dání! Nínú gbogbo ètò tí ara ní, agbára káká la fi lè rí èyí tó gbọ́n tó báyìí.

Àlébù rẹ̀ méjì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara lè ṣe nínú DHA láti inú ómégà-3 tó wà nínú irúgbìn, nítorí náà oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ mú un wá. Èkejì, DHA tètè máa ń jóná bíi pápá inú ọyẹ́, pàápàá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sí, torí pé irin inú ẹ̀jẹ̀ ń ran iná náà lọ́wọ́. Fítámì E wà lára ohun tó ń pa iná yìí, epo pupa sì ní in. Àmọ́ epo pupa kò ní DHA kankan, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá tó máa ń dì. Kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe oògùn ọpọlọ. Òróró ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ní ómégà-6 púpọ̀.

Èkìtì kò ní òkun, inú yìnyín ni ẹja òkun ti ń dé Ọjà Ọba. Títù àti sàwá tí àwọn ènìyàn ń rà torí owó rẹ̀ ló kún fún DHA yìí. Pańla tí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ ṣaláìní kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá nínú. Ti àrọ̀ inú adágún, oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ ọ ló ń sọ ohun tó wà lára rẹ̀.

Lára eku, ẹ̀rí náà dára: èyí tó jẹ ómégà-3 máa ń rántí nǹkan ju èyí tó jẹ ọ̀rá dídì àti ṣúgà lọ lẹ́yìn ìpalára. Lára ènìyàn, ẹ̀rí kò tíì tó. Wọ́n máa ń sọ ìtàn awakùsà kan ṣoṣo tó yè nínú ìjàm̀bá ibi ìwakùsà Sago ní West Virginia ní Amẹ́ríkà ní 2006, tí wọ́n fún ní epo ẹja púpọ̀ tí ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìtọ́jú mìíràn fún un pẹ̀lú, ẹnìkan kì í sì í ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ayé. Ẹja inú ọbẹ̀ kò la ewu lọ bíi kóró epo ẹja, tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó gbé e mì.

Kí wọ́n tó fún aláìsàn ní títù, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Bó bá ń gbé e mì dáadáa, kí wọ́n ṣa gbogbo egungun rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀fọ́ títí tí kò fi ní sí ìdì kankan níbẹ̀ mọ́.