Ta Ló Gé Camberwell Kúrò Lára Peckham?

Ní ọjọ́ 4 Oṣù Keje 2024, nígbà tí Bìrìtéènì ń dìbò sílé aṣòfin, kò sí ẹkùn ìdìbò kankan tó ń jẹ́ Camberwell and Peckham mọ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti wà láti 1997. Òpópónà Rye Lane tí gbogbo wa mọ̀, níbi tí èèyàn ti lè ra iṣu, èlùbọ́ àti ankárá láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, wà nínú rẹ̀. Nígbà tó tú, apá kan di Peckham lásán, apá kan sì lọ bá Vauxhall, wọ́n wá ń pe ìyẹn ní Vauxhall and Camberwell Green. Bí ẹ bá bi àwọn èèyàn wa níbẹ̀ pé kí ló fà á, èsì tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ìjọba ló wà nídìí ẹ̀: àwọn Conservative tó wà lórí àlééfà nígbà yẹn ló fa ìlà gba àárín àwọn aláwọ̀ dúdú kọjá, kí ìbò wọn lè fọ́n ká.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá ti rí i kí ọ̀gá ológun kan dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tó ń bá ará ìlú sọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan yóò wà ló tún hú ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ síta ní 1997. Lójú wa, bí ààlà bá ti yẹ̀, ẹnìkan ló yẹ̀ ẹ́, onítọ̀hún sì ní ìdí.

Ní Bìrìtéènì, kì í ṣe olórí ìjọba ló ń fa ìlà náà, kì í sì í ṣe mínísítà rẹ̀ kankan. Ìgbìmọ̀ mẹ́rin ló wà fún un látìgbà òfin 1944: ọ̀kan fún England, ọ̀kan fún Scotland, ọ̀kan fún Wales, ọ̀kan fún Northern Ireland. Lórí ìwé, olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹni tí wọ́n ń pè ní Speaker, ni alága gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í dá sí iṣẹ́ náà rárá. Igbákejì alága, tó jẹ́ adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga, ló ń darí ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kì í wo ẹgbẹ́ òṣèlú tí àdúgbò kan máa ń dìbò fún. Iye èèyàn ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo odò, ojú ọ̀nà ńlá, ààlà káńsù (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀), àti bí àwọn ará àdúgbò ṣe so mọ́ ara wọn.

Iye èèyàn yìí gan-an ni babaa gbogbo rẹ̀. Òfin ọdún 2020 sọ pé aṣòfin 650 ni yóò wà, pé iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹta 2020 ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò. Wọ́n pín in, ó já sí 73,393 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn kan lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i tàbí kó fi dín, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ kéré sí 69,724, kò sì gbọ́dọ̀ ju 77,062. Márùn-ún péré ni òfin yọ sílẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ erékùṣù: méjì ní Isle of Wight, ọ̀kan ní Wales, méjì ní Scotland. Nínú méjì ti Scotland yẹn, Na h-Eileanan an Iar ní nǹkan bí 21,000 olùdìbò, aṣòfin odindi kan náà ni wọ́n sì ń yàn.

Kò sí ẹkùn tó ń dá yí. Bí ẹ bá sún ìlà kan sí apá òsì kí iye ibì kan lè pé, ti ẹni tó wà lápá ọ̀tún yóò dín, òun náà yóò wá ibi tí yóò ti mú èèyàn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ran láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹni tó dúró sí Camberwell Green lè máa wá ọ̀tá tó gé òun kúrò lára Peckham, nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò tó ń bọ̀ láti ibòmíràn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣókùnkùn. Ìgbìmọ̀ ti England gbé àbá àkọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kẹfà 2021. Ará ìlú kọ̀wé, ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo mú àwòrán tiwọn wá (ẹ má retí pé ẹgbẹ́ kan yóò mú èyí tó máa pa á lára wá), wọ́n sì jókòó ní gbangba láti gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn ní 2022. Àbá tí wọ́n tún ṣe jáde ní Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, èyí tó kẹ́yìn sì dé ní Oṣù Kẹfà 2023.

Peckham fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1885 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe ẹkùn ìdìbò, nígbà tí wọ́n ń gé àwọn ẹkùn ńláńlá sí kéékèèké káàkiri ilẹ̀ náà kí ọ̀pọ̀ wọn lè ní aṣòfin kan ṣoṣo. Harriet Harman wọlé níbẹ̀ nínú ìdìbò àfirọ́pò Oṣù Kẹwàá 1982. Ní 1997 orúkọ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di Camberwell and Peckham, obìnrin náà ò sì kúrò títí di 2024. Nígbà tí Peckham padà gba orúkọ rẹ̀, Miatta Fahnbulleh tí wọ́n bí ní Làìbéríà ló wọlé. Florence Eshalomi tó jẹ́ aṣòfin Vauxhall tẹ́lẹ̀ wọlé sí Vauxhall and Camberwell Green. Labour ni àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ẹnìkan fẹ́ fọ́n ìbò Labour ká níbẹ̀, onítọ̀hún kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìjọba Conservative yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí mínísítà. Saffron Walden ni ẹkùn rẹ̀, orúkọ tó wà látọdún 1885, níbi tí Rab Butler, gbajúmọ̀ olóṣèlú Conservative, ti ṣe aṣòfin láti 1929 di 1965. Olùdìbò ibẹ̀ ti lé ní 80,000, ó sì ju òdiwọ̀n lọ. Wọ́n gé e, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí North West Essex. Ní 2019 Badenoch fi ìbò tó lé ní 27,000 na ẹni tó tẹ̀ lé e. Ní 2024 ó kù ní ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀. Kì í ṣe ààlà ló fa ìyẹn o, inú ló ń bí àwọn olùdìbò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣòfin 121 péré ni Conservative ní lọ́jọ́ yẹn, èyí tó kéré jù nínú ìtàn wọn, lórí ààlà tí àwọn kan ń sọ pé ẹgbẹ́ náà ló fà fún ara rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè bi mí léèrè Old Sarum, mi ò sì ní lè sá. Òkè kan tí kò sí ilé lórí rẹ̀ mọ́ nítòsí Salisbury ni, síbẹ̀ láyé àtijọ́ aṣòfin méjì ló ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Manchester tí ilé iṣẹ́ òwú kún bámúbámú kò ní ẹyọ kan. Ìdílé Pitt ra Old Sarum bí ẹni ra oko, William Pitt Àgbà, tó padà di olórí ìjọba, sì ti ibẹ̀ wọlé ní 1735. Òfin àtúntò 1832 ló fòpin sí i.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ wà pàápàá, àwọn olóṣèlú ṣì ń wá ọ̀nà. Ní 1969, àbá ààlà tuntun dé ọwọ́ James Callaghan, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Labour. Òfin ní kó gbé e wá síwájú ilé. Ó gbé e wá lóòótọ́, ó wá ní kí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò láti pa á! Ààlà àtijọ́ ni wọ́n fi dìbò 1970, Labour sì tún fìdí rẹmi. Láàárín 1982 sí 1983, Michael Foot tó jẹ́ olórí Labour gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá a nù. Ní Oṣù Kìíní 2013 ẹ̀wẹ̀, Liberal Democrats tó ń bá Conservative ṣèjọba pọ̀ bá Labour dìbò láti ti àtúntò tó fẹ́ dín aṣòfin kù sí 600 síwájú. Nítorí irú eré yìí ni òfin 2020 ṣe gba ìbò lórí àbá ìgbìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé aṣòfin. Bí ìgbìmọ̀ bá ti parí iṣẹ́, ó di dandan.

Ibi tí ọwọ́ ìjọba wà nìyí, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n: ìlànà. Iye aṣòfin, ìwọ̀n tí ẹkùn lè fi lé tàbí fi dín, ọjọ́ tí wọn yóò ka olùdìbò, ilé aṣòfin tí ìjọba sábà máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kó kọjú sí, kó fi adájọ́ àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rù tún máa ń ba àwọn kan pé bí ẹkùn bá yí, káńsù náà ti yí nìyẹn. Méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Káńsù Southwark ló ṣì ń kó ìdọ̀tí ará Camberwell, òun ló ṣì ń gba owó orí ilé lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkùn rẹ̀ tuntun na ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ káńsù Lambeth.

Ohun tó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò ni wọ́n ń kà. Orúkọ inú ìwé olùdìbò nìkan ni. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú ní Bìrìtéènì lè forúkọ sílẹ̀, kó sì dìbò sílé aṣòfin, láìjẹ́ pé ó ti gba ìwé ọmọ onílùú, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá pẹ̀lú físà náà lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò kan àwọn. Ilé tí àgbàlagbà mẹ́fà ń gbé, tí ẹyọ kan nínú wọn forúkọ sílẹ̀, èèyàn kan ló wà níbẹ̀ lójú ìgbìmọ̀. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀ ní àdúgbò kan, ìlà ẹkùn yóò fẹ̀ sí i kí iye tó pé, aṣòfin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò sì máa tò sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2031 tó dé, ìwé olùdìbò ni wọn yóò sì tún ṣí.