Wọ́n Ní Táyà Yìnyín Kì í Yọ̀

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní Kabba, ẹ ní táyà tòkunbọ̀ lẹ ń wá. Á kí yín, "Okun o," á fa ọ̀kan yọ lára èyí tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fọwọ́ gbá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eyín lẹ́nu ẹ̀. Táyà yìnyín nìyí. Ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ni wọ́n ti lò ó. Tí kò bá yọ̀ lórí yìnyín, ṣé inú òjò tiwa ni yóò ti wá yọ̀?"

Èmi náà gbà á gbọ́, mo sì ra mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà kúkú bọ́gbọ́n mu létí. Àṣé ohun tó mú táyà yẹn dára lọ́hùn-ún gan-an ló ń bà á jẹ́ níbí.

Inú rọ́bà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí òrí tí à ń fi para nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ kùtù, ó le débi pé èékánná ò ràn án. Tó bá di ọ̀sán, ó ti rọ̀, ó fẹ́ máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà táyà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ooru máa ń le gbagidi tí òtútù bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Àwọn tó ń ṣe táyà ìgbà òtútù wá po rọ́bà tiwọn kó lè máa rọ̀ nìṣó, kódà tí omi bá dì. Wọ́n tún sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ sún mọ́ ọn wò: lára eyín kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ilà tínínrín-tínínrín bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fà á. Etí gbẹ́rẹ́ yẹn ló ń bu yìnyín jẹ. Yìnyín tó bá há sáàárín eyín táyà pàápàá wúlò, torí yìnyín máa ń lẹ̀ mọ́ yìnyín, bí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣe ń mọ ọ́n róbótó tí wọ́n ń jù ú lura wọn.

Ẹ wá gbé e dé títì Kabba sí Isanlu nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru lè kọjá ìwọ̀n 35, tí ọ̀dà ojú títì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Yìnyín wo ni gbẹ́rẹ́ fẹ́ bù jẹ? Rọ́bà tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ á tún rọ̀ sí i, eyín tí wọ́n ti sín káàkiri á máa mì lábẹ́ ọkọ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á sáré jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ kó tó dúró, táyà á sì tètè jẹ. Òjò ò tún un ṣe, torí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà lójú títì wa, kì í ṣe omi dídì.

Tèmi ò pé oṣù márùn-ún tí eyín táyà méjì iwájú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti Egbe, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bí mo ṣe kọjá Mopa ni ewúrẹ́ kan ṣàdédé yọ sí títì. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ewúrẹ́ ló gba ara rẹ̀ là, èmi kọ́ ni mo gbà á.

Mo pe àbúrò mi tó wà ní Kánádà. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún mi pé kì í yọ̀ lọ́dọ̀ àwọn? Ní Quebec tó ń gbé, òfin ni kí ọkọ̀ wọ táyà òtútù láti ọjọ́ 1 oṣù December títí di 15 oṣù March, síbẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń yọ̀ wọ kòtò. Ó ní ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ àti ààyè tó gbòòrò sẹ́yìn ọkọ̀ iwájú ló ń gba àwọn. Orí afárá làwọn ń bẹ̀rù jù, torí òtútù ń fẹ́ ẹ lókè, ó tún ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dì. (Mo bi í nípa jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ó ní ó mọ bá a ṣe ń gbéra, kò mọ bá a ṣe ń dúró.)

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ní Austria, tí eyín táyà òtútù ò bá ti tó mílímítà 4 mọ́, òfin ò kà á sí táyà òtútù mọ́. Lójú tiwa, mílímítà 4 ṣì jẹ́ eyín rẹpẹtẹ. Ohun tí wọ́n bọ́ sọnù là ń yìn. Táyà àlòkù sì wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de pé kí wọ́n má kó wọlé, àmọ́ ẹ ṣáà dé ẹ̀bá títì.

Ẹ yí táyà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín kan wà láàárín rẹ̀, táyà òtútù nìyẹn. Ti M+S nìkan, lẹ́tà tó dúró fún ẹrẹ̀ àti yìnyín, ò tó ẹ̀rí. Jámánì pàápàá ò gbà á mọ́ fún ìgbà òtútù láti October 2024. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó fi DOT bẹ̀rẹ̀ lára táyà. Tó bá jẹ́ 1816, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gùn ún, ìkunra dúdú tó ń dán yẹn ò sì sọ ọ́ di ọmọdé.

Mo padà lọ bá fọkanáísà, mo fi òkè olórí mẹ́ta hàn án. Ó wò ó títí, ó ní òun ti rò pé àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ó sọ iye tí wọ́n ń ta tuntun. Owó ọwọ́ mi ka méjì péré, n ò sì fẹ́ da tuntun pọ̀ mọ́ táyà òtútù lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kan náà. Mo gbé ọkọ̀ sílé, mo ń fi ọ̀kadà lọ oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, títí owó iṣu fi wọlé.