Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Di Ẹni Tó Ń Ya Ojú-Ìwé Ẹ̀kọ́: Láti Illinois dé Adó-Èkìtì

Lọ́pọ̀ yunifásítì láyé, ẹni tó ya àwòrán inú ẹ̀kọ́, tó to ìkànnì kọ́ọ̀sì, tó sì ṣe pósítà tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbé lọ sí àpérò kì í ṣe òṣìṣẹ́ àgbà rárá. Ọmọ ipele kejì tàbí ìkẹta ni, tó ń gbowó wákàtí láàárín kíláàsì kan sí òmíràn. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà hàn lára iṣẹ́ náà. Ohun méjì ló bí irú iṣẹ́ yìí: owó iléèwé tó ń wọ́n, àti ẹ̀rọ tí ọmọdé máa ń mọ̀ lò ṣáájú àgbà.

Owó ló kọ́kọ́ dé. Berea College ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, kò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 1892. Iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń ṣe nínú ọgbà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba dá àjọ National Youth Administration sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1935, ó sì ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó gbé ètò Work-Study kalẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ, iléèwé ń san ìyókù. Òfin náà kò mẹ́nu ba àwòrán tàbí ìkànnì. Ṣùgbọ́n ó sọ akẹ́kọ̀ọ́ di òṣìṣẹ́ tó súnmọ́ tòsí jù tí owó rẹ̀ kò sì ga. Nígbà tí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ṣe dé, àwọn la pè.

Iṣẹ́ náà ti ń bọ̀ láti 1960, nígbà tí Donald Bitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ PLATO, ètò tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Robert Willson, tó ń kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, wà lára àwọn mẹ́ta tó ṣe gíláàsì plásímà ní 1964 kí àwòrán lè dúró lójú ẹ̀rọ. Paul Tenczar, tó ń kọ́ nípa ẹranko, ló ṣe èdè TUTOR ní 1967, kí olùkọ́ tí kò mọ èdè kọ̀ǹpútà tó le lè kọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ojú ẹ̀rọ PLATO IV, tó dé ní 1972, jẹ́ ojú àmì 512 níbùú àti 512 lóròó, àwọ̀ ọsàn nìkan. Inú àpótí tóóró yẹn ni àwọn ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń pín ojú-ìwé: ìbéèrè lókè, àwòrán láàárín, ibi ìdáhùn nísàlẹ̀.

Yunifásítì kan náà ni Mosaic, ètò tí a fi ń wo ìkànnì, ti jáde ní 1993. Marc Andreessen, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba dọ́là 6.85 fún wákàtí kan, àti Eric Bina, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi, ni wọ́n kọ ọ́. Mosaic ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé àwòrán lè wà láàárín ọ̀rọ̀ lójú-ìwé kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ojú fèrèsé mìíràn ni àwòrán ń ṣí sí. Lójú tiwa, ibí gan-an ni iṣẹ́ dísáìnì ìkànnì ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ lásán ni olùkọ́ ń gbé sórí ìkànnì, ó sì lè dá a ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ó nílò ẹni tó mọ ibi tí àwòrán yẹ kó jókòó.

Àwọn irinṣẹ́ pàápàá, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Thomas Knoll ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ohun tó di Photoshop, irinṣẹ́ àtúnṣe àwòrán, ní 1987. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Berkeley méjì ló bẹ̀rẹ̀ GIMP, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ní 1995. Dan Cane wà ní Yunifásítì Cornell nígbà tó bẹ̀rẹ̀ CourseInfo, irinṣẹ́ ìkànnì kọ́ọ̀sì, tó darapọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ Blackboard ní 1998. Melanie Perkins sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Perth, ní Ọsirélíà, bí a ṣe ń lo irinṣẹ́ dísáìnì, ó rí i bó ṣe ń pẹ́ kó tó yé wọn. Ibẹ̀ ni èrò Canva, irinṣẹ́ dísáìnì orí ìkànnì tó jáde ní 2013, ti wá.

Èkìtì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dá yunifásítì tó ń jẹ́ EKSU lónìí sílẹ̀ ní Adó ní 1982, ABUAD tẹ̀ lé e ní 2009, FUOYE dé Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé ní 2011. Kò sí òfin Work-Study tó ti ìjọba àpapọ̀ wá. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹnu geeti ni ilé ìkọ́ṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ púrójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń dì í, ọmọ tó mọ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà fún dísáìnì, ló ń ṣe báńà ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, fláyà, àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ọ̀gá tó fẹ́ kí súláìdì òun fani mọ́ra á ránṣẹ́ pè é: “Bá mi ṣe é, màá rí ẹ.” Ọmọ á ní, “Ó ti dé, sà.” Kò sí iye wákàtí, kò sí ìwé àdéhùn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ dáadáa. Ètò ni kò sí.

Àìsí ètò yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ ohun tó ń bàjẹ́. Olùkọ́ á kó ìwé ojú-ewé ogójì wá ní ọjọ́ Jímọ̀ fún kíláàsì ọjọ́ Ajé, akẹ́kọ̀ọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yẹ ni pé kó ya ojú-ìwé kan péré, kó gbé e wá, kí wọ́n fẹnu kò lórí àwọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà àti ipò àwòrán, kó tó fọwọ́ kan ìyókù. Kó tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, kó bi olùkọ́ léèrè: ta ni yóò lò ó, fóònù ni tàbí kọ̀ǹpútà, ta ló ni àwòrán tí ẹ kó wá yìí, ọjọ́ wo sì ni kíláàsì? Ìbéèrè nípa àwòrán yẹn máa ń rí bí àfojúdi lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n bí kò bá bèèrè, àwòrán tí wọ́n já lórí Google ni yóò kún inú ẹ̀kọ́ náà.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì ń lò, dátà kò sì pọ̀. Àwòrán tó ti inú kámẹ́rà fóònù jáde lè wọn mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ di 40. Bí a bá dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píkísẹ́lì (ojú àmì) 1200 tí a sì fi í pamọ́ bíi fáìlì JPEG ní ìwọ̀n dídára 75, ó lè má ju kílóbáìtì 150 lọ, mẹ́wàá á sì di mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀. Àwòrán onílà, bí irú èyí tó ń fi sẹ́kíìtì iná hàn, SVG, irú fáìlì tó ń fi ìlà ṣe àwòrán, ló yẹ ẹ́: kò wúwo, kì í sì í fọ́ bí a bá fẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré ju píkísẹ́lì 16 lọ. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 4.5 sí 1, gẹ́gẹ́ bí WCAG, ìlànà tó ń mú kí ìkànnì rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ti 2008 ṣe sọ. Yẹ́lò lórí funfun kò dé ibẹ̀ rárá, àgàgà lábẹ́ oòrùn. Ti pósítà yàtọ̀: ìwọ̀n bébà A0 jẹ́ mìlímítà 841 sí 1189, àwọ̀ CMYK (àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò) ni, kí a sì fi mìlímítà mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ibi tí wọ́n máa gé. Ẹni tó bá fi RGB, àwọ̀ ojú ẹ̀rọ, ránṣẹ́ síbi ìtẹ̀wé, kó má ṣe bínú bí búlúù tó ń dán bá padà wá bí aró tó ti ṣá.

Ohun tó le jù níhìn-ín, tí ìwé dísáìnì òyìnbó kì í sọ, ni lẹ́tà Yorùbá. Lẹ́tà kékeré ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ṣe ń gbé e lé e á sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn sì máa ń tẹ é ní ìdàkejì, é ná, kó tó fi àmì abẹ́ (U+0323) sí i. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú ojú-ìwé, ó lè má rí i, àfi bí wọ́n bá ti yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là kalẹ̀. Láti dán fọ́ǹtì wò, ọ̀rọ̀ “ọ̀jọ̀gbọ́n” tó, kí a kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré àti ńlá. Ọ̀ ńlá ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: ìlà òkè á gé àmì rẹ̀. Noto Sans ń gbé e dáadáa. Kí àlàfo ìlà jẹ́ ìlọ́po 1.6 ìwọ̀n lẹ́tà, kí àmì lè mí. Kí a sì kọ lang="yo" sí orí ojú-ìwé náà, kí ẹ̀rọ mọ èdè tó ń kà.

Àrùn tó ń pa iṣẹ́ yìí gan-an ni pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń gboyè jáde. Ọmọ á lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà, ìkànnì kọ́ọ̀sì á sì wà lórí Gmail tirẹ̀. Fáìlì Corel tó fi sílẹ̀, ẹ̀dà tuntun ni, ẹ̀dà àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì kò lè ṣí i. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán kí ìtẹ̀wé má baà da fọ́ǹtì rú, kò sẹ́ni tó tún lè yí ọdún 2023 padà sí 2024. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kó fi sílẹ̀: èyí tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́tà, àti èyí tó ti di àwòrán, pẹ̀lú PDF àti SVG lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìwé tí a lè fi tọ́jú rẹ̀ kò jìnnà. ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, ti dá ètò SIWES, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, sílẹ̀ láti 1973, gbogbo ọmọ tó lọ ló mọ lọ́ọ̀gì búùkù rẹ̀: iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé ọ̀gá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ lo akẹ́kọ̀ọ́ fún dísáìnì lè fa ìlà irú rẹ̀, kó fi òpó méjì kún un, wákàtí àti ibi tí fáìlì wà. Ímeèlì tí wọ́n máa fi ṣí ìkànnì náà, ti ẹ̀ka ni kó jẹ́ láti ọjọ́ kìíní, kí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní gboyè jáde.