Bí ìpàdé Quaker ṣe ń ṣe ìpinnu, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹrú fi pẹ́ nílẹ̀

Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í dìbò. Láti ìgbà tí George Fox, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ti ń wàásù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1650 ni wọ́n ti gbà pé ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ń bẹ nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi iye orí borí ẹnikẹ́ni sí? Ìdí nìyẹn tí ìpàdé tí wọ́n fi ń ṣètò ìjọ kò fi yàtọ̀ sí ìjọsìn wọn: gbogbo ènìyàn á dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sí àlùfáà níwájú, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń gún nínú nìkan ló ń dìde sọ ọ́. (Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Quaker Kẹ́ńyà ní pásítọ̀, wọ́n sì máa ń kọrin dáadáa, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Pennsylvania ní Amẹ́ríkà là ń sọ.)

Akọ̀wé ló ń darí ìjókòó náà, ṣùgbọ́n kò láṣẹ bí alága. Tiẹ̀ ni kó tẹ́tí, kó sì fòye mọ ibi tí ọkàn ìpàdé ń lọ. Bó bá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, á sì kà á sókè. Bí ẹnìkan bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un kọ, tàbí kí wọ́n padà sínú ìdákẹ́jẹ́. Bí ọkàn kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà á wà nílẹ̀ di ìpàdé mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀ ló ń rí i jẹ lọ.

Ní 1688, ọkùnrin Quaker mẹ́rin ní Germantown, lẹ́bàá Philadelphia ní Pennsylvania, kọ̀wé tako òwò ẹrú. Francis Daniel Pastorius wà lára wọn. Wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó máa fẹ́ kí wọ́n ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ìpàdé oṣooṣù àdúgbò wọn ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju agbára àwọn lọ, wọ́n gbé e fún ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyẹn náà tì í sọ́dọ̀ ìpàdé ọdọọdún, tó ga jù, ní Burlington, tó ní kò tọ́ kí àwọn dá ẹjọ́ lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni àwọn mẹ́rin yẹn pa. Wọ́n kàn tì í síwájú títí kò fi síbi tí wọ́n tún máa tì í sí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń tà nínú ìjọ ló ní ẹrú nílé.

Benjamin Lay, Quaker kan ní Pennsylvania, kò ní sùúrù fún irú èyí. Ní 1738 ó wọ ìpàdé ọdọọdún ní Burlington pẹ̀lú ìwé kan tó ti gbẹ́ inú rẹ̀, tó sì ki àpò ìtọ̀ ẹran tí omi èso pupa kún inú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó fa idà yọ, ó gún ìwé náà, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ sì ta sára àwọn tó wà nítòsí. Wọ́n gbé e jù síta.

John Woolman, Quaker tó jẹ́ aránṣọ láti Mount Holly ní New Jersey, gba ọ̀nà mìíràn. Ilé dé ilé ló ń lọ bá àwọn olówó ẹrú sọ̀rọ̀. Bó bá sùn sílé wọn, ó máa ń san owó fún iṣẹ́ tí àwọn ẹrú ṣe fún un. Èyí máa ń dójú ti onílé ju ìwàásù lọ. Ní 1758, ìpàdé ọdọọdún Philadelphia pinnu pé ẹni tó bá ń ra ẹrú tàbí tó ń tà á kò ní bá wọn jókòó níbi ètò ìjọ mọ́, wọ́n sì yan Woolman àti àwọn mìíràn láti máa bẹ àwọn olówó ẹrú wò. Ní 1776, ẹni tó bá kọ̀ láti tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Ọdún 88 ti kọjá lórí ìwé Germantown.

Àwọn tó ń yin sùúrù yìí kì í sábà rántí pé àwọn ẹrú fúnra wọn kò sí níbi ìjókòó náà. Ọkàn olówó wọn ni gbogbo ìpàdé ń dúró dè. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọ Methodist àti Baptist Amẹ́ríkà ń pín sí méjì lórí ẹrú ní 1844 àti 1845, àríyànjiyàn bóyá Quaker lè ní ẹrú ti parí tipẹ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde síta. Ní 1783 wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lórí òwò ẹrú. Nínú àwọn 12 tó dá ẹgbẹ́ tó fẹ́ fòpin sí òwò náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1787, Quaker ni 9. Ṣùgbọ́n wọn kì í búra, ẹni tó bá máa wọ ilé aṣòfin sì gbọ́dọ̀ búra nígbà náà, nítorí náà wọn kò lè wọ ibẹ̀. William Wilberforce, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ló ń bá wọn sọ ọ́ nínú ilé.

Kíkọ ẹrú sílẹ̀ kò sọ wọ́n di ẹni tó ka aláwọ̀ dúdú sí ẹgbẹ́ wọn. Sarah Mapps Douglass, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wọn ní Philadelphia, sọ bí wọ́n ṣe ya bẹ́ńṣì kan sọ́tọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ pé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Kò sí ìpàdé tó jókòó dákẹ́ títí kó tó fọwọ́ sí ìyẹn.

Ní 2022, ìpàdé ọdọọdún Britain kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò san ẹ̀san fún ipa tí àwọn Quaker kó nínú òwò ẹrú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni: akọ̀wé kọ ọ́, ó kà á, ìpàdé gbà á. Bí wọ́n ṣe máa san án, ìjókòó mìíràn ló ń sọ ìyẹn.